Elf Tí Kò Ríran Lóru: Ìtàn Òkùnkùn Nínú Géèmù, Láti Berlin Dé Hamburg



Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ẹ ń ta géèmù, irú èyí tí ẹ ó ti yan ẹ̀dá kan, tí ẹ ó fún un lórúkọ, tí ẹ ó sì máa bá a rìn kiri ayé rẹ̀. Ẹ yan elf, nítorí wọ́n ní elf ń ríran lóru. Ẹ wọ inú ihò àpáta, ẹ tẹ bọ́tìnì. Òkùnkùn biribiri! Ẹ tún un tẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Ẹ wá ń bi ara yín pé, ṣé kọ̀ǹpútà mi ló bàjẹ́ ni, àbí wọ́n lù mí ní jìbìtì?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀rọ̀ náà ti wà kí kọ̀ǹpútà yín tó dé, ìlú méjì ní Jámánì sì wà nínú rẹ̀: Berlin àti Hamburg.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ojú gidi. Ẹni tó bá ń gbé Berlin mọ̀ pé nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ní ìlú yìí kan náà, ilé-iṣẹ́ AEG wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ìríran òru. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, ní 1944 sí 1945, àwọn ọmọ ogun Jámánì gbé irú rẹ̀ kan lé orí ìbọn, wọ́n pè é ní Vampir. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ wọn kìlógíráàmù 2 àti díẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì tí sójà máa pọ̀n sẹ́yìn lé ní kìlógíráàmù 13! Ẹ sì gbọ́ o, ẹ̀rọ yìí kì í ríran nínú òkùnkùn lásán. Ó ní iná tirẹ̀, iná infrared tí ojú ènìyàn kò lè rí. Iná yẹn ló ń tàn sí nǹkan kí ẹ̀rọ tó sọ ọ́ di àwòrán. Àwọn ọdẹ wa náà mọ irú ọgbọ́n yìí: wọ́n á de iná kábáàdì mọ́ iwájú orí, ojú ẹran á sì máa kọ mànà nínú igbó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹran rí iná ọdẹ. Àwọ̀ ewé tí ẹ máa ń rí lójú géèmù tí wọ́n bá ní òru ni, ara ẹ̀rọ àwọn sójà ló ti wá, kì í ṣe ara elf.

Ní Amẹ́ríkà, géèmù orí tábìlì tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons jáde ní 1974. Ìwé òfin rẹ̀ ti 1978 sọ pé elf àti aràrá ní infravision: wọ́n ń rí ooru ara dé ẹsẹ̀ bàtà 60. Ìjà bá dé. Ilẹ̀kùn kò ní ooru, báwo ni elf á ṣe rí i? Báwo ló ṣe máa ka lẹ́tà? Bí ẹnìkan bá tan ògùṣọ̀ ńkọ́, ṣé ooru iná kò ní fọ́ ọ lójú ni? Wọ́n jà á lé ní ogún ọdún, títí wọ́n fi pa infravision rẹ́ nínú ìwé ọdún 2000. Darkvision ni wọ́n fi dípò rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ ooru nínú ìyẹn mọ́.

Àwọn ará Jámánì ní tiwọn. Ní 1984, Ulrich Kiesow gbé Das Schwarze Auge jáde, ó sì gbajúmọ̀ níbẹ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ. Nínú òfin tiwọn, ojú elf àti ti aràrá kàn mú ju ti ènìyàn lọ níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré ni. Lójú tèmi, ìyẹn ló gbọ́n jù. Àti pé nídìí tábìlì, ìṣòro kankan kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá eré á yíjú sí ẹnìkan: "Ìwọ aràrá, o rí àtẹ̀gùn níwájú. Ẹ̀yin yòókù, ẹ ò rí nǹkan kan." Ó parí. Ẹnu ọ̀gá eré ni òkùnkùn wà.

Ṣùgbọ́n tí eré bá dé orí kọ̀ǹpútà, ta ló ni òkùnkùn? Ẹ̀yin ni. Ojú yín tó wà ní pálọ̀ ló gbọ́dọ̀ ríran. Bí ayàwòrán bá kun òru dúdú bó ṣe yẹ, ẹni tó yan ènìyàn lásán kò ní lè ta géèmù náà rárá. Nítorí náà, wọ́n á kun òru ní aró fẹ́ẹ́rẹ́, bí alẹ́ tí òṣùpá mọ́lẹ̀, gbogbo ènìyàn á sì ríran. Tí gbogbo ènìyàn bá ti ríran, kí wá ni elf ń tà? Ẹ wo Baldur's Gate ti 1998. Infravision wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀dá tí ara wọn gbóná á pọ́n díẹ̀ lójú yín lóru. Ẹni tí kò ní i náà ń rìn lọ láìkọsẹ̀.

Ibí ni Berlin ti wọlé. Ní oṣù Kẹjọ 2008, ilé-iṣẹ́ Radon Labs ti Berlin gbé Drakensang jáde. Dtp entertainment ti Hamburg ló tà á. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí irú géèmù yìí ti jáde kẹ́yìn lórí òfin Das Schwarze Auge. Akọni mẹ́rin lẹ ó máa kó rìn níbẹ̀. Ó lè jẹ́ aràrá kan, elf kan, ènìyàn méjì. Ojú ta wá ni ẹ fi ń wò? Kámẹ́rà wà lẹ́yìn wọn lókè, kò sí nínú orí ẹnì kankan. Bí aràrá bá ríran tí ènìyàn kò ríran, ṣé ká pín ojú kọ̀ǹpútà sí méjì ni? Òfin ojú yìí ló ṣòro jù láti gbé kúrò lórí tábìlì. Ẹ má sì gbàgbé pé nídìí tábìlì, ẹni tó mú elf fi àmì ra á ni, iye àmì tí ì bá fi ra ọgbọ́n idà.

Níbi tí akọni bá jẹ́ ẹyọ kan, ó rọrùn. Nínú Skyrim ti 2011, Khajiit tí ojú rẹ̀ dà bí ti ológbò ní agbára ìríran fún ìṣẹ́jú-àáyá 60, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ló sì máa yí padà, torí ojú ẹnìkan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbé ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n yín sókè pátápátá tẹ́lẹ̀, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀. Ẹ kọ́kọ́ dá a padà kí ẹ tó bú ẹnikẹ́ni.

Hamburg náà ṣe tirẹ̀. Daedalic gbé Blackguards jáde ní 2014, lórí òfin Jámánì yìí kan náà. Pápá ìjà tí wọ́n pín sí ojú-ilé onígun mẹ́fà ni. Ẹ gbọ́dọ̀ ka ojú-ilé kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ pa iná níbẹ̀?

Ta ni ìbá tún un ṣe? Ní oṣù Karùn-ún 2010, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Drakensang kejì jáde, gbèsè mu Radon Labs dé ọrùn. Bigpoint ti Hamburg rà á. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Drakensang Online dé, ẹ ó máa wò ó láti òkè, bí ẹni tó dúró lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òru rẹ̀ kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Dtp náà wọ gbèsè ní 2012. Daedalic dáwọ́ dúró lórí ṣíṣe géèmù fúnra rẹ̀ ní 2023. Àwọn tó mọ ibi tí okùn so pọ̀ sí nínú géèmù àtijọ́ wọ̀nyẹn ti wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn. Ohun tí wọn kò bá tún ṣe kí ọjọ́ yẹn tó dé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà títí di òní.