Fèrèsé Tí Ó Yọ Síta, àti Owó Orí Ìmọ́lẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ó lè ya ẹ̀yin òǹkàwé lẹ́nu láti gbọ́ pé ìjọba kan ti gba owó orí lórí fèrèsé rí, àti pé a kò lè mọ ìtàn ilé àwọn Gẹ̀ẹ́sì dáadáa bí a kò bá mọ ìtàn owó náà.

Ní àwọn àdúgbò London tí a kọ́ ní ìgbà ayé Ọbabìnrin Victoria, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí, iwájú ilé kì í sábà tẹ́jú pẹrẹsẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ògiri pẹ̀lú fèrèsé rẹ̀ yọ síta sí ìhà òpópó. Èyí ni wọ́n ń pè ní bay window. Fèrèsé ayọsíta ni àwa yóò máa pè é. Kì í ṣe fèrèsé nìkan ni ó yọ: ilẹ̀ yàrá bá a yọ pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó níbẹ̀ fi lè wo ọ̀tún àti òsì òpópó láì yọ orí síta. Ìmọ́lẹ̀ a máa gba ọ̀nà mẹ́ta wọlé. Ní ilẹ̀ tí oòrùn ń fi ara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní ìgbà òtútù, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ní àtètèkọ́ṣe, ohun àwọn ọlọ́lá ni. Gbọ̀ngán ńlá tí Ọba Henry Kẹjọ kọ́ sí Hampton Court láàrin ọdún 1532 sí 1535 ní irú rẹ̀ ní ìpẹ̀kun tí tábìlì ọba wà. Obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, Elizabeth, aya ìjòyè Shrewsbury, kọ́ Hardwick Hall láàrin ọdún 1590 sí 1597, dígí sì pọ̀ lára ilé náà ju ògiri lọ lójú ẹni tí ń wò ó. Dígí wọ́n gógó nígbà náà. Ọrọ̀ rẹ̀ ni ó ń fi han ará òde. Lójú tèmi, ìgbéraga wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé náà lẹ́wà.

Ní ọdún 1696, lábẹ́ Ọba William Kẹta, ìjọba fi owó orí lé fèrèsé. Ilé tí fèrèsé rẹ̀ kò tó 10 san ṣílè 2 lọ́dún. Èyí tí ó wà láàrin 10 àti 20 san ṣílè 6. Èyí tí ó lé ní 20 san ṣílè 10. Ó rọrùn fún agbowó-orí, nítorí òde ni ó ti lè dúró ka fèrèsé. Kí ni àwọn onílé ṣe? Wọ́n fi bíríkì dí fèrèsé wọn pa, a sì ń rí ojú fèrèsé dídí bẹ́ẹ̀ lára ilé àtijọ́ títí di òní. Àwọn tálákà ni ìyà náà dé bá jùlọ. Ilé ńlá tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń háyà yàrá inú rẹ̀, ilé kan ṣoṣo ni òfin kà á sí. Nítorí náà onílé a dí fèrèsé kí owó rẹ̀ má bàa pọ̀, àwọn ọmọ a sì máa dàgbà nínú òkùnkùn àti afẹ́fẹ́ búburú. Àwọn oníṣègùn sọ̀rọ̀ sí i títí. Láti ọdún 1746, owó òde mìíràn tún wà lórí dígí fúnra rẹ̀, tí a ń fi ìwọ̀n kà.

Ní ọdún 1845 ni a mú owó dígí kúrò, ti fèrèsé sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1851. Láti ìgbà náà ni fèrèsé ayọsíta ti sọ̀kalẹ̀ láti ààfin wá sí ilé akọ̀wé àti oníṣẹ́ ọwọ́.

Bí a ti ń kọ́ ọ nìyí. A ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ tẹ̀ lé ìrísí rẹ̀: ó lè ní igun mẹ́rin, ó lè tẹ̀ bí ọrun, tàbí kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dagun, èyí tí ó wọ́pọ̀ jùlọ. A ó mọ bíríkì dé ìbàdí, a ó tẹ́ òkúta lé e, a ó sì gbé òpó àti férémù ró. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó le jù kò hàn sí ará òde: a gbọ́dọ̀ gbé àtẹ́rígbà ńlá kọjá lórí àlàfo tí ó wà láàrin yàrá àti fèrèsé, nítorí òun ni yóò ru ògiri òkè. Lẹ́yìn náà ni a ó fi òjé tàbí síléètì bo orí rẹ̀.

Amọ̀ ni ó pọ̀ lábẹ́ London, amọ̀ a sì máa sún kì bí ó bá gbẹ. Àwọn kọ́lékọ́lé ìgbà náà kì í sábà gbẹ́ ìpìlẹ̀ fèrèsé náà jìn tó ti ilé. Nígbà ọ̀dá ọdún 1976, ọ̀pọ̀ ilé ni ó là, nítorí náà ibi tí fèrèsé ayọsíta ti lẹ̀ mọ́ ara ilé ni ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìkọ́lé ń kọ́kọ́ wò kí ó tó gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti rà á.