Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti wà lẹ́nu wa

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Pobè àti ní Sakété. Wọ́n ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Kí ni ó ń dá wọn dúró jù? Ọ̀rọ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ kò bá pọ̀ lórí ọmọ, kò lè ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, kò sì lè dáhùn ìbéèrè ìdánwò. Òbí mìíràn á ní: "Èmi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ni mo lè ṣe?" Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn.

Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú mú ọmọkùnrin kan ní Òṣogùn, ní ilẹ̀ Yorùbá. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n tà á títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé kíkà. Ní 1843, wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ìwé náà, ó to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹrú àná ni ó ṣe iṣẹ́ yìí. Orúkọ rẹ̀ ní ìjọ ni Samuel Crowther.

Ní oṣù kẹjọ 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní Paris, wọ́n sì fa ààlà sí àárín wa. Pobè àti Sakété bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìdíìrókò bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ìyá kan náà wá ń lọ sí ilé-ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará wa kò yé ná ọjà ara wọn, ọ̀rọ̀ sì ń bá ẹrù kọjá. Ẹ gbọ́ wọn: búrẹ́dì, tíṣà, káfíńtà, bíríkìlà, táyà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Ẹni tó mọ̀ wọ́n kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Èdè Faransé tí ọmọ ń kọ́ náà ń ràn án lọ́wọ́. Ní 1066, ìjòyè kan láti Normandy ní ilẹ̀ Faransé, William, ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jọba níbẹ̀. Àwọn ìjòyè tuntun ń sọ Faransé, àwọn àgbẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Àgbẹ̀ tó ń tọ́jú màlúù pè é ní "cow". Ẹran rẹ̀ lórí tábìlì olówó di "beef", láti inú "bœuf" ti Faransé. Nítorí náà ni "table", "fruit" àti "village" fi ní lẹ́tà kan náà nínú èdè méjèèjì, bí ohùn wọn tilẹ̀ yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ ṣọ́ra. "Library" ti Gẹ̀ẹ́sì ni ilé tí a ti ń yá ìwé kà. "Librairie" ti Faransé ni ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ta ìwé. Wọ́n jọra lójú, ìtumọ̀ wọn kò jọra.

Kí ni òbí lè ṣe? Ní alẹ́, kí ọmọ mú ọ̀rọ̀ márùn-ún tó kọ́ wá. Kí ó sọ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún yín ní Nàgó, kí ó sì fi í ṣe gbólóhùn. Bí ó bá lè là á yé yín, ọ̀rọ̀ náà ti di tirẹ̀. Bí kò bá lè là á yé yín, ẹnu lásán ni ó fi kọ́ ọ bí ayékòótọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ tún bi í léèrè, nítorí ọ̀rọ̀ tí a kò lò máa ń sá lọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀rọ̀ márùn-ún lálẹ́ kan yóò di márùndínlógójì ní ọ̀sẹ̀ kan. Nàgó tí ẹ̀yin gbọ́ ni ọmọ yóò fi mọ̀ wọ́n.