Ẹ BỌ́ BÀTÀ YẸN FỌ́MỌ

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ìwàásù gan-an, ìtàn ni, àmọ́ ẹ bá mi kà á dé òpin.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Omifunfun níbí, arábìnrin kan gbé ọmọ oṣù mọ́kànlá wá. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa rìn, ṣùgbọ́n bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ le bíi pákó. Mo ní, "Ìyá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yẹn fún un." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, wọ́n á ní a ò rówó ra bàtà fọ́mọ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ìgbà wo gan-an ni ẹsẹ̀ lásán di ìtìjú láàárín wa?

Ẹlòmíì rò pé orúkọ ilé-iṣẹ́ òyìnbó la fi ń pe bàtà. Rárá o! Ọdún 1894 ni Tomáš Baťa dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Zlín. Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá jáde, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, bàtà sì ti wà níbẹ̀, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí Mósè bọ́ tiẹ̀. Àwọn bàbá wa mọ bàtà. Wọn ò kàn fi há ọmọdé lẹ́sẹ̀ ni.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn. Ọmọ tó lé ní 800,000 ló wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn. Bàbá mi wà lára wọn, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń ti abà lọ sí síkúùlù. Bàtà kan ṣoṣo tó ní, ọwọ́ ló fi ń mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá kù díẹ̀ kó débẹ̀, á nu ẹsẹ̀, á wá wọ̀ ọ́.

Ní 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Teslim Balogun tí wọ́n ń pè ní Thunder wà láàárín wọn. Púpọ̀ nínú wọn ò wọ bàtà. Ní ìdíje àkọ́kọ́, lẹ́bàá Liverpool, wọ́n na ẹgbẹ́ Marine ní 5 sí 2. Ẹnu ya òyìnbó! Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò mú kí pápá máa yọ̀, nǹkan le fún wọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ẹsẹ̀ lásán níbi tó yẹ ẹ́, ó sì níbi tí kò yẹ ẹ́.

Egungun ẹsẹ̀ ọmọ kékeré ò tíì le tán. Bó ṣe ń fi ọmọ ìka di ilẹ̀ mú ni iṣan rẹ̀ ń lágbára. Ní 1992, Rao àti Joseph, oníṣègùn ní Íńdíà, gbé àyẹ̀wò wọn lórí ọmọ 2,300 jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ń wọ bàtà, bíi 8.6 ni àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Nínú àwọn tí kì í wọ̀ ọ́, 2.8 péré. Ṣé ẹ rí i pé ìyá wa ò gọ̀?

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ ayé àtijọ́ fún yín. Jìgá tó jẹ wá lẹ́sẹ̀, ọkọ̀ ojú omi láti Bràsíl ló gbé e dé Àǹgólà ní 1872, kó tó ràn ká ilẹ̀ Áfíríkà. Aràn sì tún wà níbẹ̀.

Nígbà tí àbúrò mi pé ọmọ ọdún márùn-ún ní abà kòkó wa, ara rẹ̀ ṣì, ojú rẹ̀ wú, ó ń jẹ erùpẹ̀. Wọ́n ní àjẹ́ ni. Ìyá mi gbààwẹ̀. Wọ́n na ìka sí ìyá arúgbó kan ní ìsàlẹ̀ abà, a ò kí i mọ́. Nọ́ọ̀sì kan ló dé tó ní aràn ló ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí. Ó fún un lóògùn, ara rẹ̀ sì yá. Ìyá arúgbó yẹn ti kú. A ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Arthur Looss, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Íjíbítì, ló rí àṣírí aràn yìí ní ìparí àwọn ọdún 1890. Omi tí ọmọ aràn wà nínú rẹ̀ dà sí i lọ́wọ́, ibẹ̀ ń yún un, aràn sì ti gba awọ ara wọlé. Inú ìgbẹ́ ni ẹyin rẹ̀ ti ń dé inú ilẹ̀. Ní gúúsù Amẹ́ríkà níbi tó ti pọ̀, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pe àwọn tó ní in, títí Rockefeller fi yọ mílíọ̀nù 1 dọ́là sílẹ̀ ní 1909 láti gbógun tì í: oògùn, ilé ìgbẹ́, ìlanilọ́yẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, nínú ilé àti àgbàlá tí a gbá mọ́, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ kan ilẹ̀. Tó bá di oko, ọjà, ààtàn tàbí ilé ìgbẹ́, ẹ wọ bàtà rírọ̀ tó gba ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ̀yin bàbá, ṣáláńgá ni kí ẹ gbẹ́ kí ẹ tó ra bàtà olówó ńlá. Ẹ máa fún ọmọ lóògùn aràn bí àwọn oníṣègùn bá ṣe là á sílẹ̀.

Ọlọ́run tó ní kí Mósè bọ́ bàtà, òun náà ni Jésù fi wé bàbá tó ní kí wọ́n wọ bàtà fún ọmọ onínàákúnàá nígbà tó padà délé. Kó fún wa lọ́gbọ́n láti mọ ìgbà tí a ó bọ́ ọ àti ìgbà tí a ó wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa ò ní kọ̀, lórúkọ Jésù.

Ẹ ṣe àmín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ kan.