Ìtọ́jú Ìrora Bárakú Láàárín Àwọn Ológun Amẹ́ríkà

Ìrora bárakú ni ìrora tó bá ti lé ní oṣù 3 lára ènìyàn, tí ojú ọgbẹ́ lè ti jinná kí òun má sì lọ. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ológun Amẹ́ríkà àtàwọn ajagunfẹ̀yìntì wọn: ẹrù wúwo ń ba ẹ̀yìn àti orúnkún jẹ́, ìbọn àti bọ́ǹbù ń ba iṣan jẹ́.

Nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, Dókítà Silas Weir Mitchell tọ́jú àwọn ṣọ́jà tí ọta ba iṣan wọn jẹ́ ní Philadelphia. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1864. Mitchell tún kọ̀wé nípa ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gé, tó ṣì ń dun ẹni tó ni ín. Ní 2007, àwọn dókítà ilé ìwòsàn ológun Walter Reed ròyìn bí wọ́n ṣe fi jígí tọ́jú irú ìrora yìí. Aláìsàn á wo òjìji ẹsẹ̀ tó kù nínú jígí, á máa mì ín fún ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́, ojú á sì rí i bíi pé ẹsẹ̀ pé méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ìrora dínkù lára gbogbo àwọn 6 tó lo jígí.

Ní 2009, Eric Schoomaker, olórí àwọn dókítà ọmọ ogun orí ilẹ̀, gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí ìrora. Àbọ̀ wọn jáde ní 2010. Láti inú iṣẹ́ wọn ni òṣùwọ̀n ìrora àwọn ológun ti wá. Ó lọ láti 0 dé 10, ó sì ní àwọ̀ bíi ti iná ojú títì. Ẹni tó mú 5 ń sọ pé ìrora ti ń dí òun lọ́wọ́ nínú àwọn iṣẹ́ kan. Ẹni tó mú 10, kò sí ohun mìíràn tó tún jọ ọ́ lójú. Wọ́n á tún bi í nípa iṣẹ́, oorun, ìṣesí àti ìdààmú ọkàn rẹ̀.

Oògùn ẹ̀yà mọ́fíìnì ló gbòde tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ń di bárakú fúnra rẹ̀. Ní 2013, ẹ̀ka ìjọba tó ń tọ́jú àwọn ajagunfẹ̀yìntì bẹ̀rẹ̀ ètò láti dín lílò rẹ̀ kù. Ní 2018, ìwádìí ọlọ́dún kan lára àwọn ajagunfẹ̀yìntì 240 tí ẹ̀yìn, ìbàdí tàbí orúnkún ń dùn fi hàn pé oògùn ẹ̀yà mọ́fíìnì kò sàn ju àwọn oògùn ìrora yòókù lọ. Eré ìmárale, fisiotẹ́rápì, ìgbaninímọ̀ràn àti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí wọ́n ń gún sí etí ti wà lára ìtọ́jú báyìí. Ìlànà ìtọ́jú tí wọ́n gbé jáde ní 2022 ní kí dókítà má ṣe fi oògùn ẹ̀yà mọ́fíìnì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìrora bárakú tí kì í ṣe ti jẹjẹrẹ.