Àtúnkì Ọta Ìbọn: Bí Àìní Ṣe Di Fàájì

Àwa tí a bá ọdẹ gbé mọ̀ pé kí ọdẹ tó kì ṣakabùlà rẹ̀, yóò kọ́kọ́ wọn ẹ̀tù. Nígbà tí katiríìjì dé, ilé iṣẹ́ ni ó ń bá oníbọn wọn ọ́n: ẹ̀tù, ọta àti ohun tí ń ṣáná sí i wà pọ̀ nínú ìkarahun idẹ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí ìbọn bá dún tán, idẹ náà ṣẹ́ kù, ó sì ṣeé tún kì. Nítorí èyí ni John Barlow ṣe dá ilé iṣẹ́ Ideal sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1884, tí ó ń ta irinṣẹ́ àtúnkì.

Ní 1943, nígbà tí ogun sọ ọta di ọ̀wọ́n, Fred Huntington bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irinṣẹ́ tí ń sọ ìkarahun kékeré tí a ti yìn di ara ọta tuntun, ní ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ bàbá rẹ̀ ní ìlú Oroville, ní California. Ogun parí, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó di fàájì.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀, òṣùwọ̀n ni kí ó kọ́kọ́ mọ̀, nítorí ẹ̀tù tí ó bá lé lè fọ́ ìbọn mọ́ni lójú. Kò sí àfojúdá nínú ọ̀ràn ẹ̀tù. Àwọn ọdẹ wa ti mọ èyí tipẹ́.