Òwu, Àpòmù àti Òfin Gbọ́mọgbọ́mọ

Ọmọ Òwu ni àwọn ará Kúta, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédíre lẹ́bàá Ìwó. Olówu ni oyè ọba wọn. Kí amòfin kankan tó wọ kóòtù nílẹ̀ Yorùbá ni Òwu ti ń bá àwọn gbọ́mọgbọ́mọ jà, ìjà náà ló sì padà tú olú-ìlú wọn ká.

Ọjà Àpòmù lọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ará Ọ̀yọ́ ló wà nínú ewu jù, nítorí ọ̀nà wọn jìn: wọ́n á dènà dè wọ́n, wọ́n á sì tà wọ́n fún Ìjẹ̀bú, tí òwò ẹrú etí òkun ò jìnnà sí. Aláàfin Abíọ́dún ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni àti Olówu pé kí wọ́n dá a dúró. Àwọn náà pàṣẹ fún Baálẹ̀ Àpòmù pé kó máa ṣọ́ ọjà.

Baálẹ̀ yìí ṣọ́ ọjà lóòótọ́. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé ọmọ ọba Ọ̀yọ́ kan tó ń jẹ́ Aólẹ̀ wá ṣòwò ní Àpòmù, ó sì ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a gbẹ́rù fún Ìjẹ̀bú. Wọ́n gba ọkùnrin náà padà, wọ́n sì fa Aólẹ̀ dé iwájú Baálẹ̀. Nítorí pé ọmọ ọba ni, Baálẹ̀ ò pa á. Ó ní kí wọ́n nà án, wọ́n sì nà án bí ẹni máa kú. Ìgbà tó yá, Aólẹ̀ gorí ìtẹ́ Aláàfin, ó sì kéde ogun lórí Àpòmù. Baálẹ̀ sá lọ bá Ọọ̀ni, àmọ́ Ọọ̀ni ò lè gbà á sílẹ̀. Kí ìlú rẹ̀ má bàa parun, ó pa ara rẹ̀, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ lọ tu Aláàfin lójú.

Lẹ́yìn ikú Aólẹ̀, ìjínigbé tún gbilẹ̀. Oníkòyí àti Tóyèjẹ, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò láti Ògbómọ̀ṣọ́, bẹ Olówu pé kó bá àwọn dá a dúró. Òwu jáde, ó sì pa àwọn ìlú Ifẹ̀ tó wà láyìíká Àpòmù run. Nígbà tí ìjà mìíràn bẹ́ sílẹ̀ lọ́jà náà lórí ataare, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú para pọ̀ gbógun ti Òwu. Àdá gígùn tí wọ́n ń pè ní agẹdẹngbẹ́ ni Òwu fi ń jà. Ìbọn wà lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú. Wọ́n dó ti Òwu fún nǹkan bí ọdún 5, ìlú náà sì ṣubú ní nǹkan bí 1825. Wọ́n pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tún un kọ́ mọ́. Àwọn tí wọ́n kó níbẹ̀ di ẹrú, lára àwọn tó yè sì forí lé Abẹ́òkúta. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan kọ eré lórí àwọn obìnrin wọn ní 2004, ó sì fi Anlugbua, baba ńlá Òwu, ṣe ẹ̀dá inú eré náà.

Nǹkan bí ọdún 178 lẹ́yìn ìṣubú ìlú náà ni ọmọ Òwu mìíràn tún dé ìdí ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ yìí. Ọjọ́ 14 oṣù Keje 2003 ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu Abẹ́òkúta, bu ọwọ́ lu òfin tó ka fífi ènìyàn ṣòwò léèwọ̀. Ẹni tó lé àbá òfin náà kiri ni Títí Abubakar, ìyàwó igbákejì ààrẹ nígbà náà, ọmọ Iléṣà, tó ti rí àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà lójú pópó Róòmù. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ọmọdé orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún padà sílé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta láyìíká Abẹ́òkúta.

Àjọ NAPTIP tí òfin náà dá sílẹ̀ ní olùwádìí àti amòfin tirẹ̀. Kì í dúró de ọlọ́pàá kó tó gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Beatrice Jedy-Agba, amòfin ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í darí rẹ̀ ní 2011. Amẹ́ríkà fi orúkọ Jedy-Agba sára àwọn akọni ìjà yìí ní 2014, òfin tuntun tó le sí i sì dé ní 2015: ẹni tó bá kó ènìyàn jáde láti fi ṣòwò yóò lo ó kéré tán ọdún 5 lẹ́wọ̀n, yóò sì san ó kéré tán mílíọ̀nù kan náírà. Ní 2022, Jedy-Agba di amòfin àgbà fún ìjọba àpapọ̀, ipò tó tẹ̀ lé ti mínísítà ètò ìdájọ́.

Síbẹ̀, ẹ̀rí ló máa ń wọ́n amòfin. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ti mulẹ̀ lójúbọ kí wọ́n tó kúrò nílé, ẹ̀rù ìbúra náà sì ń dí wọn lẹ́nu. Lóṣù Kẹta 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Ìlú Ẹdó kó àwọn olóòṣà rẹ̀ jọ, ó fagi lé gbogbo ìbúra bẹ́ẹ̀, ó sì ṣépè fún ẹni tó bá tún mú ọmọ wá mulẹ̀ fún òwò náà. NAPTIP tẹ́wọ́ gba ìgbésẹ̀ náà, nítorí ẹlẹ́rìí tí ẹ̀rù ò bà mọ́ ni agbẹjọ́rò ìjọba ń wá.