Nìjẹ̀r: ilẹ̀, àwọn ènìyàn àti àṣà

Nìjẹ̀r, tàbí Orílẹ̀-èdè Olómìnira ilẹ̀ Nìjẹ̀r, jẹ́ orílẹ̀-èdè kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà tí kò ní etíkun. Ó bá Àlgéríà àti Líbyà pààlà ní àríwá, Ṣáàdì ní ìlà-oòrùn, Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ní gúúsù, Burkina Faso àti Málì ní ìwọ̀-oòrùn. Niamey ni olú-ìlú rẹ̀. Fífẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 1,267,000 km², èyí tó ju ti Nàìjíríà lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò pọ̀ tó ti Nàìjíríà rárá, nítorí pé aṣálẹ̀ Sàhárà ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ara odò Nìjẹ̀r, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Odò Ọya, ni orúkọ orílẹ̀-èdè náà ti wá.

Ilẹ̀ àti ojú-ọjọ́

A lè pín ilẹ̀ Nìjẹ̀r sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni àríwá, tí í ṣe aṣálẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn òkè Aïr wà, tí ṣóńṣó tó ga jù nínú wọn lé ní mítà 2,000. Ní ìlà-oòrùn àwọn òkè yìí ni Ténéré wà, òkun iyanrìn tí ènìyàn lè rìn nínú rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ láì rí koríko kan. Èkejì ni Sàhẹ̀l, ilẹ̀ koríko àti igi ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn darandaran ń lò. Ẹ̀kẹta ni gúúsù, níbi tí òjò ti ń rọ̀ tó láti fi dáko. Apá yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn orílẹ̀-èdè náà ń gbé.

Òjò kì í pẹ́ níbẹ̀. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni ó máa ń rọ̀. Odò Nìjẹ̀r gba igun gúúsù-ìwọ̀-oòrùn kọjá fún nǹkan bí kìlómítà 550, Adágún Ṣáàdì sì kan ìkángun gúúsù-ìlà-oòrùn. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, kànga ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbójú lé.

Igi Ténéré fi bí omi ṣe ṣọ̀wọ́n tó hàn. Igi akéṣíà kan ṣoṣo ni, tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń mọ ọ̀nà, tí wọ́n sì yà sórí àwòrán ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti wọlẹ̀ ju mítà 30 lọ kí ó tó kan omi. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló wó o lulẹ̀ ní ọdún 1973. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Niamey ni kùkùté rẹ̀ wà báyìí, òpó irin ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀ ní aṣálẹ̀.

Nítòsí Kouré, kò jìnnà sí Niamey, ni àwọn àgùnfọn ìgbẹ́ tó kẹ́yìn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà ṣẹ́kù sí. Ní àárín ọdún 1990 sí 1999, nǹkan bí 50 péré ló kù. Àwọn ará abúlé àti ìjọba pawọ́ pọ̀ dáàbò bò wọ́n, wọ́n sì ti ju 500 lọ báyìí.

Àwọn ènìyàn àti èdè

Gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn ọdún 2001, àwọn Haúsá tó ìdá 55 nínú 100, àwọn Zarma àti Sọ́ńgháì tó ìdá 21, àwọn Túárẹ́gì tó ìdá 9, àwọn Fúlàní lé ní ìdá 8, àwọn Kànúrí sì súnmọ́ ìdá 5. Àwọn Toubou, Lárúbáwá àti Gourmantché kéré sí èyí. Ìkànìyàn ọdún 2012 ka ènìyàn mílíọ̀nù 17. Mùsùlùmí ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn kan lára àwọn Azna ní agbègbè Dogondoutchi ṣì ń tẹ̀lé ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn.

Èdè Faransé ni èdè ìjọba láti ìgbà òmìnira. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìwé òfin tuntun sọ Haúsá di èdè orílẹ̀-èdè, ó sì fi Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sí ipò èdè iṣẹ́.

Ìtàn ní ṣókí

Ìlú Agadez ni ojúkò òwò àwọn tó ń la Sàhárà kọjá. Ilé gogoro mọ́ṣáláṣí ibẹ̀, tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ga tó mítà 27. UNESCO fi àárín ìlú náà sínú àkójọ ogún àgbáyé ní ọdún 2013.

Àwọn Faransé wọ ilẹ̀ náà tìkà tìkà. Ní ọdún 1899, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Voulet àti Chanoine dáná sun àwọn ìlú, wọ́n sì pa ènìyàn púpọ̀. Sarraounia, ayaba àwọn Azna ní Lougou, kọjú ìjà sí wọn ní ọdún náà. Ní ìparí ọdún 1916, Kaocen, jagunjagun Túárẹ́gì kan, sàga ti Agadez fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó ṣẹ́gun rẹ̀. Nìjẹ̀r gba òmìnira ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1960, Hamani Diori sì di ààrẹ àkọ́kọ́. Àwọn ológun ti gbàjọba ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láti ìgbà náà: ní 1974, 1996, 1999, 2010 àti 2023.

Àṣà

Láàárín àwọn Túárẹ́gì, ọkùnrin ni ó ń fi láwàní gígùn bo ojú, kì í ṣe obìnrin. Wọ́n ní ọ̀nà ìkọ̀wé tiwọn, tí wọ́n ń pè ní Tifinagh.

Lẹ́yìn òjò, àwọn darandaran máa ń kó màlúù àti ràkúnmí wọn lọ sí agbègbè In-Gall, nítorí pé iyọ̀ wà nínú omi àti ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì ń fún ẹran lókun kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún Cure Salée. Ní irú àkókò yìí ni àwọn Wodaabe, ẹ̀yà Fúlàní kan, ń ṣe Gerewol, níbi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ń kun ojú, tí wọ́n ń jó, tí àwọn obìnrin sì ń yan ẹni tó rẹwà jù.

Ìjàkadì ni eré ìdárayá tí gbogbo ẹ̀yà jọ fẹ́ràn; idà ni wọ́n fi ń dá ẹni tó borí ní gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́lá. Àṣà mìíràn tó so wọ́n pọ̀ ni àwàdà láàárín ẹ̀yà sí ẹ̀yà tàbí ìdílé sí ìdílé. Ẹni tí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ kò gbọdọ̀ bínú, wọ́n sì máa ń fi àwàdà yìí parí ìjà. UNESCO fi í sínú àkójọ rẹ̀ ní ọdún 2014.

Iṣẹ́ àti ọrọ̀-ajé

Jéró, ọkà bàbà àti ẹ̀wà ni àwọn àgbẹ̀ ń gbìn jù. Àlùbọ́sà Galmi lókìkí káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Wọ́n ń wa yùréníọ̀mù ní Arlit láti ọdún 1971, ọ̀pá epo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà 2,000 sì ń gbé epo rọ̀bì láti Agadem gba Bẹ̀nẹ̀ dé etíkun. Síbẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹran sísìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun.

Ìjà pẹ̀lú aṣálẹ̀

Ọ̀dá tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 1960 sí 1969, tó sì dé 1974, pa ẹran púpọ̀, ó sì sọ ọ̀pọ̀ darandaran di aláìní. Òmíràn tún dé ní ọdún 1984. Òjò nìkan kọ́ ló fa ìṣòro náà. Lábẹ́ òfin tí ìjọba amúnisìn fi lélẹ̀, ìjọba ló ni igi. Àgbẹ̀ tó bá gé ẹ̀ka igi inú oko rẹ̀ láì gbàṣẹ lè san ìtanràn, nítorí náà kò sí ìdí tí yóò fi tọ́jú èyí tó bá hù. Bí igi ṣe ń tán, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbé erùpẹ̀ lọ.

Láti àárín ọdún 1980 sí 1989, àwọn àgbẹ̀ Maradi àti Zinder bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọ̀mùnú sí lára kùkùté tó wà lábẹ́ ilẹ̀ dípò kí wọ́n gé wọn dànù. Igi gao ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí pé ó ń wọ́wé ní àkókò òjò, kì í sì í ṣíji bo jéró. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, èso àti ewé rẹ̀ di oúnjẹ ẹran. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù hẹ́kítà márùn-ún ti tún ní igi lọ́nà yìí, láì sí pé wọ́n gbin èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Àṣeyọrí yìí kò tíì yanjú ohun gbogbo. Ọ̀pọ̀ obìnrin ilẹ̀ náà ń bí tó ọmọ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oko sì ń fẹ̀ sí i lọ sí àríwá, sórí ilẹ̀ tí àwọn darandaran ti ń jẹko tẹ́lẹ̀. Èyí máa ń fa ìjà láàárín àgbẹ̀ àti darandaran, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyàn ṣì ń padà wá nígbà tí òjò bá já wọn kulẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti rí ní ọdún 2005.